Ọwọ́ Ta Ló Kọ Ìwé Yìí? Ìfiwéra Ojú Onímọ̀ àti Kọ̀ǹpútà fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Mọ Òǹkọ̀wé

Nínú àpótí páànù tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní ilé ẹbí wa ní Campos, ní Erékùṣù Èkó, a bá abala ìwé kan tí a ya láti inú ìwé ọmọ ilé-ìwé, tí a fi báírò búlúù kọ ọ̀rọ̀ sí ní 1978, tí ó sọ pé yàrá méjì tí ó wà lẹ́yìn ilé ti di ti ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan títí láé. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Gbogbo ẹbí gbà pé ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá wa méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì ni, ṣùgbọ́n Bàbá Táyé ni wọ́n fi ìtọ́jú ilé lé lọ́wọ́ nígbà náà, Bàbá Kẹ́hìndé kò sì ní àṣẹ láti fún ẹnikẹ́ni ní yàrá. Àwọn méjèèjì ti kú. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá dá lé orí ìbéèrè kan ṣoṣo: ọwọ́ ta ló kọ ọ́?

Èmi ni akọ̀wé ẹbí, èmi ni wọ́n sì ní kí n wá ìdáhùn lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, mo lọ láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Yàbá, mo dé Akọ́kà, mo tún padà sí Broad Street, mo sì rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà fún ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá já lé léjìká. Ó lè gbé ìwé náà fún onímọ̀ àyẹ̀wò ìkọ̀wé tí ń fi ojú ara rẹ̀ àti awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ṣiṣẹ́. Ó lè lo ètò kọ̀ǹpútà tí ń wọn bí lẹ́tà ṣe rí. Tàbí kí ó lo irú ètò tuntun tí ó ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpẹẹrẹ kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́. Owó wọn kò dọ́gba, ohun tí wọ́n lè dáhùn sì yàtọ̀ síra. Mo kọ ìfiwéra yìí sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ àjọ àti ọ̀rọ̀ ogún pọ̀ ní Èkó, orúkọ òkú àti ti alààyè ni a sì ń gbé sórí òṣùwọ̀n nígbà tí a bá la ẹnu sọ pé lágbájá ni ó kọ nǹkan.

Ìbéèrè méjì tí ó jọra ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Kí ẹ tó fi ọ̀nà kan wé èkejì, ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè. Ìbéèrè kìíní ni pé: ṣé ẹni tí ó kọ ìwé yìí náà ni ó kọ tọ̀hún? Ìwé méjì ni a gbé ka iwájú, ìdáhùn sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí a kò lè sọ. Ìbéèrè kejì ni pé: nínú gbogbo àwọn tí a ní ìkọ̀wé wọn lọ́wọ́, ta ni ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ti inú ìwé yìí jù? Èyí kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n dáhùn dáadáa, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn jù lè má jẹ́ ẹni tí ó kọ ọ́. Bí òǹkọ̀wé gan-an kò bá sí lára àwọn tí ẹ kó kalẹ̀, ètò náà yóò ṣì mú ẹnì kan nínú wọn, àfi bí àwọn tí ó ṣe é bá pa ààlà fún un tí yóò fi lè sọ pé kò sí ẹni tí ó bá a mu.

Mo fi ojú ara mi rí èyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń kàwé ní Akọ́kà fi fóònù ya ìwé 1978 náà, ó sì fi í sínú ètò kan pẹ̀lú àpẹẹrẹ ìkọ̀wé àwọn àgbà mẹ́rin nínú ẹbí. Èsì dé kí omi tí a gbé kaná tó hó: Bàbá Táyé ni ó wà lókè. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Mo ní kí ọmọ náà ṣe sùúrù. Mo fa bébà kan jáde, mo kọ ìlà mẹ́wàá sí i ní ọwọ́ tèmi, tí kò sí nínú àpẹẹrẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ní kí ó fi èyí náà sí i. Ètò náà kò ṣiyèméjì rárá. Ó ní Bàbá Kẹ́hìndé ni ó kọ ọ́, ẹni tí a ti sin láti ọjọ́ pípẹ́. Yàrá náà pa lọ́lọ́, kò sì sí ẹni tí ó tún dárúkọ èsì àkọ́kọ́ mọ́ ní ọjọ́ náà.

Ojú onímọ̀

Onímọ̀ àyẹ̀wò ìkọ̀wé kì í wo ìrísí lẹ́tà nìkan. Ó ń wo ibi tí báírò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó ti gbéra kúrò lórí bébà, bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, ibi tí ìlà ti ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ń ya àwòrán ìkọ̀wé ẹlòmíràn, ibi tí wọ́n ti nu nǹkan tàbí tí wọ́n ti fi nǹkan kún un, àti ipa tí ohun tí a kọ sí ojú ìwé òkè fi sára ojú ìwé ìsàlẹ̀. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí kì í sí nínú fọ́tò mọ́; ara bébà ni wọ́n wà. Ìdí nìyí tí onímọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi béèrè fún ojúlówó ìwé, tí kò ní fẹ́ gba fọ́tòkọ́pì, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ ní ìpele: ó dájú, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò lè sọ. Bí ẹnì kan bá wo ìwé yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó sì búra lé e lórí, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ní òun lè ti ara ìkọ̀wé mọ ìwà ènìyàn; iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, kò sí nínú ohun tí à ń sọ níbí.

Ojú ènìyàn náà máa ń ṣìnà. Ní 2022, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí onímọ̀ 86 ti dáhùn ìbéèrè lórí ìkọ̀wé, tí àpapọ̀ ìdáhùn wọn sì ju 7,000 lọ. Nígbà tí ìwé méjì jẹ́ ti ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìdá 3.1 nínú 100 ìdáhùn ni ó sọ pé ẹnì kan náà ni ó kọ wọ́n. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ti ẹnì kan náà, ìdá 1.1 nínú 100 ni ó sọ pé kì í ṣe òun. Apá tí ó bà mí lẹ́rù ni ti ìbejì. Bí àwọn òǹkọ̀wé méjì náà kì í bá ṣe ìbejì, àṣìṣe kíka ìkọ̀wé wọn sí ti ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ 2.5 nínú 100, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì, ó di 8.7. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń bí ìbejì ju ọ̀pọ̀ ibi lọ láyé, tí Táyé àti Kẹ́hìndé sì sábà máa ń jókòó sí orí bẹ́ǹṣì kan náà níwájú olùkọ́ kan náà, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Kọ̀ǹpútà náà kò sì bọ́ nínú rẹ̀: nígbà tí àwọn olùwádìí ní yunifásítì Buffalo, ní Amẹ́ríkà, fi ètò wọn dán ìkọ̀wé ìbejì wò, ìbejì méjì-méjì lọ́nà 206, ètò náà ṣe àṣìṣe lórí wọn ju bí ó ṣe ṣe lórí àwọn ènìyàn tí kò bá ara wọn tan, ó sì nira fún un jù lórí àwọn ìbejì tí wọ́n jọ ara wọn bí ìmumu.

Kọ̀ǹpútà tí ń wọn

Irú ètò yìí ti pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí jù ni FISH, tí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àpapọ̀ ilẹ̀ Jámánì dá sílẹ̀, tí Secret Service, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì gbà láti máa fi wá àwọn tí ń kọ ìwé ìhàlẹ̀. Àwọn ènìyàn ni ó yan ohun tí kọ̀ǹpútà yóò wọn: bí lẹ́tà ṣe dagun sí ọ̀tún tàbí sí òsì, àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì àti láàárín ìlà méjì, bí lẹ́tà ṣe ga tó, bí ó ṣe fẹ̀ tó. Ní 2002, Sargur Srihari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ìkọ̀wé 1,500 ènìyàn ṣe. Olúkúlùkù da ìwé kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹta, kọ̀ǹpútà sì fi hàn pé, bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ tó, ìkọ̀wé ẹnì kan ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlòmíràn ní ọ̀nà tí a lè fi nọ́ńbà sọ. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni ó fa ìwádìí náà, nítorí pé àwọn adájọ́ ibẹ̀ ti ń béèrè pé ẹ̀rí wo ni ó wà pé ọwọ́ ènìyàn méjì kì í rí bákan náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Marius Bulacu àti Lambert Schomaker ní Groningen, ní ilẹ̀ Netherlands, nítorí pé mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún olórí ẹbí wa kí ó sì yé wọn. Ẹ fojú inú wo igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a so pọ̀ lórí, bíi kọ́ńpáàsì ọmọ ilé-ìwé. Kọ̀ǹpútà ń fi í tọ etí yíǹkì lọ, láti ibẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dé òpin rẹ̀, ó sì ń ka iye ìgbà tí igi méjèèjì yà síra báyìí tàbí bọ́hùn-ún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí roboto yóò ní iye tirẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ́ bí igun ilé yóò ní tirẹ̀. Kò sí ìdí fún kọ̀ǹpútà láti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ, bóyá Yorùbá ni tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Àǹfààní ńlá irú ètò yìí ni pé ó lè fi ohun tí ó wọ̀n hàn, ẹ sì lè bá a jiyàn. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́. Àwọn ará Groningen kan náà rí i pé ó yẹ kí lẹ́tà tí ó wà nínú ìwé tó bíi 100 kí èsì tó ní ìtumọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó ní kìkì ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́ kò tíì ní ohun tí ètò yìí lè jẹ.

Kọ̀ǹpútà tí ń kọ́ ara rẹ̀

Nínú irú kẹta, kò sí ẹni tí ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó wo èyí tàbí tọ̀hún. Wọ́n kó ojú ìwé rẹpẹtẹ fún un, wọ́n sọ ẹni tí ó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì wá ọ̀nà ara rẹ̀. Agbára rẹ̀ hàn níbi tí ìwé bá ti pọ̀ jáǹrẹrẹ: nínú ìdíje kan tí ó wáyé ní 2017 lórí àwọn ìwé àtijọ́, ojú ìwé 3,600 láti ọwọ́ òǹkọ̀wé 720 ni wọ́n gbé síwájú àwọn ètò náà pé kí wọ́n kó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ, iṣẹ́ tí yóò sọ ojú ènìyàn di bàìbàì kí ọ̀sẹ̀ tó pé.

Ohun tí ó ń dá mi dúró lórí rẹ̀ ni pé kò lè sọ ìdí. Bí gbogbo àpẹẹrẹ Bàbá Táyé bá wà lórí bébà tí ó ti di àwọ̀ kọfí, tí ti Bàbá Kẹ́hìndé sì wà lórí bébà funfun, ètò náà lè kọ́ àwọ̀ bébà dípò ọwọ́, kò sì ní sọ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àkójọ IAM tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò, tí ó wá láti yunifásítì Bern ní Switzerland, ní òǹkọ̀wé 657, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni gbogbo wọn kọ.

Ohun tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà wa

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni ìkọ̀wé wa ti yàtọ̀. Ó kéré tán, láti ìgbà tí àwọn ìjọ CMS, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà, ti jókòó ní Èkó ní 1875 láti fìdí àkọtọ́ Yorùbá múlẹ̀ ni àmì ti wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni méjì tí ń fi ọwọ́ kọ àmì náà bákan náà. Ẹlòmíràn ń fi ẹnu báírò tọ́ bébà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ń fa ìlà kúkurú sísàlẹ̀ tí yóò lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹlòmíràn yóò kọ ìlà tán pátápátá kí ó tó padà wá máa fi àmì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àmì yóò sì yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún gbogbo lẹ́tà. Bàbá Kẹ́hìndé máa ń fa ìlà. Nínú ìwé ìpàdé ẹbí tí ó kọ, gbogbo ọ rẹ̀ ni ó ní ẹsẹ̀ kan bí ọ̀pá ìtìlẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí olùkọ́ kọ́ ọmọ méjì tí ó jókòó papọ̀. Ìwà ọwọ́ ni, ìwà ọwọ́ sì ni ó ń ya ìbejì sọ́tọ̀.

Wàyí o, kí kọ̀ǹpútà tó ka ìwé, ó sábà máa ń kọ́kọ́ fọ àwòrán rẹ̀ mọ́, kí ó yọ ẹ̀gbin àti àbàwọ́n kéékèèké kúrò. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi àwòrán tí ètò náà fọ̀ hàn mí. Mo wá ọ̀rọ̀ náà "ọmọ" ní ìlà kẹta. "Omo" ni mo bá níbẹ̀. Gbogbo àmì ìsàlẹ̀ ni ó ti gbá dànù bí eruku, àmì ohùn méjì péré ni ó ṣẹ́ kù ní odindi ojú ìwé náà. Ohun tí ó yẹ kí a fi mọ̀ wọ́n ni ètò náà kọ́kọ́ pa rẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà lórí ìwé Yorùbá gbọ́dọ̀ béèrè fún àwòrán tí ó fọ̀ yìí kí ó tó gba èsì kankan.

Ènìyàn tí kò gbọ́ Yorùbá náà lè ṣìnà ní tirẹ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n kàwé kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ 1974 ṣì ń kọ "aiye", "enia" àti "nwọn". Bí onímọ̀ bá rí "nwọn" nínú ìwé méjì, tí ó sì kà á sí àmì pé ẹnì kan náà ni, ó ti gba àmì odindi ìran kan ní àmì ẹnì kan.

Níbi tí a ti gbé wọn ka ara wọn

Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Tel Aviv fi ètò kọ̀ǹpútà wo àkọsílẹ̀ tí a fi yíǹkì kọ sórí àpáàdì ní odi Arad, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó ti tó 2,600 ọdún. Ní 2016, wọ́n ní ó kéré tán òǹkọ̀wé mẹ́fà ni ó wà nínú àkọsílẹ̀ 16. Ní 2020, wọ́n pe onímọ̀ kan tí ó ti ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ìkọ̀wé fún àwọn ọlọ́pàá Ísírẹ́lì fún ọ̀pọ̀ ọdún láti wo àkọsílẹ̀ 18. Ojú rẹ̀ rí ó kéré tán òǹkọ̀wé 12. Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ó kàn ń ṣọ́ra, ó ń sọ iye tí ó dá a lójú. Ojú ènìyàn ni ó lọ jìnnà jù ú lọ lórí àkọsílẹ̀ kúkurú.

Ní 2021, ó yí padà. Ìwé Àìsáyà ńlá tí a rí lẹ́bàá Òkun Òkú ní lẹ́tà aleph, lẹ́tà kìíní nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù, tí ó ju 5,000 lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú wé gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà àwọn ará Groningen ni ó fi hàn pé ọwọ́ yí padà ní nǹkan bí àárín ìwé náà, pé akọ̀wé méjì tí ọwọ́ wọn jọra gidigidi ni ó pín in kọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Èwo ni kí ẹ yàn?

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé pọ̀, tí kò sì sí ẹjọ́ níbẹ̀, bíi ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ogójì ọdún sẹ́yìn tí ẹ fẹ́ mọ akọ̀wé tí ó kọ èyí tàbí tọ̀hún, tàbí ìwé ìrìbọmi ìjọ àtijọ́ kan, ẹ lo kọ̀ǹpútà. Irú èyí tí ń kọ́ ara rẹ̀ ni yóò yá jù, bí ó bá tilẹ̀ ṣe àṣìṣe, kò sí ẹni tí yóò pàdánù ilé.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà lè dé ilé ẹjọ́, onímọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 68, gba ọ̀rọ̀ onímọ̀ lórí ẹni tí ó ni ìkọ̀wé. Abala 101 fàyè gba kí a fi ìwé àríyànjiyàn wé èyí tí a ti gbà pé ó jẹ́ ti ẹni náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ mú ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde wá, abala 84 ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pé. Ẹ bá agbẹjọ́rò yín sọ ọ́ kí ẹ tó náwó. Bí onímọ̀ náà bá ní ètò tí ń wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dára púpọ̀, nítorí pé nọ́ńbà yóò bá ojú rẹ̀ wí níbi tí ó bá ti ń yára jù. Lójú tèmi, ètò tí kò lè sọ ìdí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí a ó fi lé ẹnikẹ́ni jáde nínú yàrá.

Bí ó bá jẹ́ ìbuwọ́lùwé nìkan, tàbí ọ̀rọ̀ tí kò kún ìlà kan, onímọ̀ nìkan ni, ẹ sì múra láti gbọ́ "n kò lè sọ".

Ọ̀nà yòówù kí ẹ yàn, àpẹẹrẹ ni ọba. Ẹ kó ìwé tí ẹni náà kọ ní nǹkan bí ìgbà kan náà pẹ̀lú ìwé àríyànjiyàn, nítorí pé ọwọ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún yàtọ̀ sí ti ẹni àádọ́rin ọdún tí àrùn ti mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi skánà gbé e ní 300 dpi ó kéré tán, ìyẹn iye àmì tí skánà ń kà nínú íńṣì kan; àwọn oníṣẹ́ ìwé ní Ṣómólú ń ṣe é lójúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí pé WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà sì ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú téèpù, ẹ má sì ṣe fi báírò tẹ̀lé ìlà tí ó ti ń parẹ́.

Ní ti ilé wa, onímọ̀ tí a lọ bá ti wo ìwé 1978 náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà inú rẹ̀ fa ìlà sísàlẹ̀, èyí tí ó súnmọ́ ọwọ́ Bàbá Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n ìwé ọdún 2003 ni gbogbo àpẹẹrẹ Bàbá Táyé tí a kó fún un, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ìyàwó Bàbá Táyé tí ó wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ránṣẹ́ pé àwọn rí ìwé àjọ tí bàbá náà ń kọ ní 1977, ojú ìwé mọ́kànlélógún, pẹ̀lú orúkọ àwọn alájọ àti iye owó wọn. Mo ti fi ọ̀rá wé e. Ọjọ́ Ajé ni mo ń gbé e kọjá afárá lọ fún onímọ̀ náà.